Shreveport, Ìlú Tó Ní Abọ́ Tirẹ̀

Tí èèyàn bá wọ mọ́tò ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, tó sì kọrí sí ìlà oòrùn, bíi wákàtí mẹ́ta ni yóò lò lójú títì kó tó wọ Shreveport. Igbó igi páìnì ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Kété tí ọkọ̀ bá ti kọjá ààlà wọ ìpínlẹ̀ Louisiana, ìlú náà ti dé tán. Odò ńlá kan ló wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, omi rẹ̀ pọ́n bí amọ̀, Odò Pupa ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà kan rí, ọkọ̀ kò lè gba odò yìí kọjá. Igi tó ti wó sínú rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún ti dí i pa fún ọ̀pọ̀ máìlì. Ní ọdún 1833 ni ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Henry Miller Shreve, gbé ọkọ̀ afàgitu wá síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú àwọn igi náà kúrò. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú.

Shreveport kì í ṣe ìlú ńlá. Ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 190,000. Tẹ́tẹ́ ń bẹ létí odò, bárékè àwọn ọmọ ogun òfurufú Barksdale wà lódìkejì, ní Bossier City, gbọ̀ngàn tí Elvis Presley ti kọrin nígbà tí ayé kò tíì mọ̀ ọ́n sì tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ kò ní í fẹ́ oúnjẹ kù. Ọbẹ̀ gumbo tí wọ́n ń sè ní Louisiana máa ń ní ilá nínú lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn onímọ̀ èdè sì sọ pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ wá láti ẹnu àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú débẹ̀, pé ilá ló túmọ̀ sí. Ní Natchitoches, ìlú kan tó wà ní ìsàlẹ̀ Shreveport, wọ́n ń din míìtì páì nínú òróró gbígbóná, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti fi í ṣe ara àwọn oúnjẹ tí wọ́n fi ń júwe Louisiana. Ọmọ tó ti ń ra míìtì páì lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní í béèrè ohun tó jẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe míìtì páì ló ń gbé Shreveport dé orí tẹlifíṣọ̀n gbogbo Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni, tí wọ́n máa ń gbá níbẹ̀ lásìkò ọdún Kérésìmesì, tí wọ́n ń pè ní Independence Bowl. Lórí irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn kan ti ń jà nílẹ̀ Amẹ́ríkà: ṣé wọn kò ti pọ̀ jù?

Kó lè yé tọmọdé tàgbà nínú ilé, bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí Super Eagles ń gbá. Ó gùn bí ẹyin tó ṣóńṣó lápá méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú síra. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń dé akoto, wọ́n ń fi ike líle bo èjìká, nítorí pé kí èèyàn kọlu èèyàn wà nínú òfin eré náà. Kì í sì í ṣe àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má fi wé NUGA tiwa, níbi tó ti jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti olùkọ́ díẹ̀ ló sábà máa ń jókòó wòran. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan nìkan ń gbà ju 100,000 èèyàn lọ, ó sì máa ń kún.

Láti ìparí oṣù Kẹjọ títí di ìparí oṣù Kọkànlá, yunifásítì kọ̀ọ̀kan máa ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12. Èyí tó bá borí nínú 6, ó kéré tán, lè rí ìwé ìpè gbà láti lọ gbá ọ̀kan sí i ní ìlú mìíràn, pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn tó lè jẹ́ pé wọn kò pàdé rí. Èyí ni wọ́n ń pè ní "bowl", ìyẹn abọ́. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹni tó bá borí yóò gba ife, yóò ya fọ́tò, yóò sì kọrí sílé. Kò sí ibì kankan tí ìṣẹ́gun náà ń gbé e lọ. Irú abọ́ yìí ti lé ní 40 báyìí, bẹ́ẹ̀ 130 àti díẹ̀ ni gbogbo yunifásítì tó wà ní ìpele tó ga jù lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú márùn-ún, mẹ́ta ló ń rí abọ́ gbà. Kò yani lẹ́nu tí àwọn kan fi ń sọ pé ẹ̀bùn tí gbogbo kíláàsì ń gbà kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́.

Ibi tí abọ́ àkọ́kọ́ ti wá jìnnà sí Shreveport. Pasadena ni, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles, ní etí òkun ìwọ̀ oòrùn, níbi tí òkè San Gabriel ti dúró sẹ́yìn ilé bí ògiri. Láti ọdún 1890 ni àwọn ará Pasadena ti ń fi òdòdó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́ yí ìlú ká ní ọjọ́ kìíní ọdún. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ìlà oòrùn tí òtútù ń pa mọ̀ pé òdòdó ń yọ nílẹ̀ tiwọn nínú oṣù Kìíní, kí wọ́n lè wá ra ilẹ̀, kí wọ́n sì wá ná owó. Ní ọdún 1902, wọ́n fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bọ́ọ̀lù kún un. Michigan na Stanford ní 49 sí òdo, Stanford sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá eré dúró kí àkókò tó pé. Ó burú débi pé àwọn ará Pasadena fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pátápátá. Eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ tún fi ògòǹgò sáré ìje. Bí ọba ẹyẹ ṣe di ẹni tí wọ́n ń le kiri nínú eruku nìyẹn. Ọdún 1916 ni bọ́ọ̀lù tó padà wá.

Lẹ́yìn náà ni èrò ìwòran pọ̀ ju ibi ìjókòó lọ. Ní ọdún 1922, wọ́n kọ́ pápá ìṣeré tuntun sínú àfonífojì Arroyo Seco, wọ́n ṣe é bí abọ́, gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Yale ti kọ́ tirẹ̀ ṣáájú. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Rose Bowl nìyẹn, Abọ́ Òdòdó Róòsì. Títí dòní, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún tuntun yóò rí i bí oòrùn ṣe ń wọ̀, tí òkè náà ń yí àwọ̀ padà lẹ́yìn pápá. Kò sí ẹni tí ń bá Pasadena jà pé abọ́ tirẹ̀ pọ̀ jù.

Àwọn ìlú tó kù rí ohun tí Pasadena ṣe, wọ́n sì ṣe tiwọn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1935 ni Miami bẹ̀rẹ̀ abọ́ ọsàn, New Orleans bẹ̀rẹ̀ abọ́ ṣúgà, El Paso náà sì bẹ̀rẹ̀ abọ́ oòrùn. Dallas dé pẹ̀lú abọ́ òwú ní ọdún 1937. Ohun tí ìlú kálukú ní ló fi sọ abọ́ rẹ̀. Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà yẹn, iṣẹ́ kò sí, ilé ìtura ṣófo. Àwọn oníṣòwò àti àwọn aṣáájú ìlú ló dá àwọn abọ́ yìí sílẹ̀ kí àlejò lè wá. Ọjà ni wọ́n ń wá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi pè é.

Nígbà tí Shreveport máa dá tirẹ̀ sílẹ̀, ọdún 1976 ni, ọdún tí Amẹ́ríkà pé 200 ọdún tó ti gba òmìnira. Òmìnira náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Láàárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun, kò sí ohun tí ń gbé àlejò wá sí irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ méjì bá dé, tí agbábọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá, àwọn onífèrè, àwọn òbí àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn tẹ̀lé wọn, ilé ìtura yóò kún, olóúnjẹ yóò tà, awakọ̀ yóò rí èrò gbé.

Láti ọdún 1990, ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ ìgéko ló gbọ̀wọ́ fún abọ́ Shreveport, wọ́n sì so orúkọ ẹ̀rọ náà mọ́ ọn: Poulan Weed-Eater Independence Bowl. Gbogbo Amẹ́ríkà fi rẹ́rìn-ín. Àwọn aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n jẹun lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, di òní olónìí sì ni ẹni tó bá fẹ́ sọ pé abọ́ ti pọ̀ jù máa ń fa orúkọ yẹn yọ. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé Shreveport gan-an ni ilé iṣẹ́ Poulan wà nígbà náà. Claude Poulan tó dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìlú ló gbọ̀wọ́ fún eré ìlú. Kí ló wá pani lẹ́rìn-ín nínú ìyẹn?

Ní báyìí, orúkọ tó yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ ti dé. Ní Boise, ìpínlẹ̀ Idaho, lórí pápá tí wọ́n kùn ní búlúù, ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n fi sọ abọ́ wọn, ànàmọ́ díndín ni wọ́n sì ń dà lé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá borí lórí. Ní Charlotte, mayonnaise ni wọ́n ń dà lé e. Ní El Paso, ara ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ẹ̀rọ ìgbẹrun, nítorí pé ìlú náà ni ilé iṣẹ́ tí ń tà á wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin gìrìwò tó fá orí rẹ̀ kodoro yóò gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun lọ fún ìyá rẹ̀ nílé. Ó dájú pé ìyá kan yóò dúpẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n ló sọ abọ́ di púpọ̀. Ilé iṣẹ́ ESPN fúnra rẹ̀ ló ni ju 12 lọ nínú wọn. Lásìkò ọdún, àwọn èèyàn wà nílé, òtútù kò jẹ́ kí wọ́n jáde, abọ́ tí ìjókòó pápá rẹ̀ ṣófo sì lè ní èrò tó ju mílíọ̀nù kan lọ tí ń wò ó nínú yàrá wọn. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá náà kò ní í kọ̀ ọ́, torí ẹgbẹ́ tó bá rí abọ́ gbà ń rí bí ọjọ́ 15 sí i tí wọ́n lè fi kọ́ àwọn ọmọ wọn, nígbà tí èyí tí kò rí gbà ti lọ ilé.

Àwọn tí ń sọ pé ó ti pọ̀ jù ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ó sì yẹ kí èèyàn gbọ́ wọn. Ní ọdún 2015, abọ́ pọ̀ ju ẹgbẹ́ tó yege lọ. Wọ́n wá a títí, ẹgbẹ́ tó borí nínú 6 kò pé. Wọ́n wá kó mẹ́ta tí wọ́n borí ní 5 péré, tí wọ́n sì pàdánù ní 7, wọ́n ní kí àwọn náà wá: Nebraska, Minnesota àti San Jose State. Ní Arizona, lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ méjì tó wá láti inú líìgì kan náà ni wọ́n kó pàdé ara wọn, bí ẹni tó rìnrìn àjò lọ jìnnà láti lọ kí ará ilé rẹ̀. Ojú ti àwọn aláṣẹ débi pé wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá abọ́ tuntun sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Ẹni tó pàdánù ju bó ṣe borí lọ yẹ kó jókòó sílé. Àmọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi ojú àánú pè yẹn, gbogbo wọn ló borí nínú abọ́ wọn.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí èèyàn bá to àwọn ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ abọ́ síwájú, ọ̀dọ̀ àwọn abọ́ ńlá ni yóò bá wọn. Wọn kì í ṣẹlẹ̀ ní Shreveport.

Yunifásítì Connecticut lọ gbá Fiesta Bowl ní Arizona ní ọjọ́ kìíní ọdún 2011. Abọ́ ńlá ni Fiesta, kò sí ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n fagi lé e. Àdéhùn tí wọ́n bá yunifásítì náà ṣe ni pé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì 17,500. Arizona jìnnà sí Connecticut bí etí òkun kan ti jìnnà sí èkejì. Wọn kò rí ìdá kan nínú mẹ́ta tíkẹ́ẹ̀tì náà tà. Oklahoma na wọn ní 48 sí 20, gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n sì gbé padà sílé, láti inú àpò ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n lé olùdarí Fiesta Bowl kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìnákúnàá. Wọ́n rí i pé owó abọ́, ó lé ní 30,000 dọ́là, ló ná sí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ní ọdún 2014, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ lórí owó tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ta olóṣèlú lọ́rẹ, tí abọ́ náà wá ń san padà fún wọn lábẹ́lẹ̀.

Fiesta Bowl kan náà ni Jaylon Smith ti Notre Dame ti fara pa ní ọjọ́ kìíní ọdún 2016. Kò sí ife orílẹ̀-èdè kankan tí wọ́n ń lé níbẹ̀. Ọmọdékùnrin náà wà lára àwọn tí gbogbo èèyàn gbà pé ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbowó yóò kọ́kọ́ mú lọ́dún yẹn. Iṣan orúnkún rẹ̀ já, ipò 34 ni wọ́n sì tó mú un. Ọ̀pọ̀ owó ló bọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn, Christian McCaffrey ti Stanford àti Leonard Fournette ti LSU sọ pé àwọn kò ní í gbá abọ́ tiwọn. Àwọn àgbà bú wọn, wọ́n ní wọ́n já ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú ọmọ tí orúnkún rẹ̀ bá já? Àwọn méjèèjì wà lára àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ní ọdún 2017. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2023, Florida State borí nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 rẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ni wọ́n ń mú lọ du ife orílẹ̀-èdè nígbà yẹn, wọn kò sì mú un. Abọ́ ọsàn ní Miami ni wọ́n fi ṣìpẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ kò gbá a, Georgia sì nà wọ́n ní 63 sí 3. Láti ọdún 2024, ẹgbẹ́ tí ń du ife ti di 12, àmọ́ ìyẹn kò wo ọgbẹ́ náà sàn. Nígbà tí wọ́n fi Notre Dame sílẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2025, lẹ́yìn tó ti borí nínú 10, ó ní òun kò gba abọ́ kankan. Abọ́ tó kù ti di àjẹkù lójú àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá.

Lójú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí Yunifásítì Virginia dáhùn. Láti ọdún 2005, wọn kò borí nínú abọ́ kankan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n lọ sí Charlotte, níbi abọ́ tó wá di ti mayonnaise lẹ́yìn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kò ga, tí kò sì sanra, orúkọ rẹ̀ ni Olamide Zaccheaus. Ìgbà mẹ́ta ló gba bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ náà. Virginia na South Carolina ní 28 sí òdo. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbowó pín akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lóṣù díẹ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ Olamide. Ẹgbẹ́ Atlanta gbà á wọlé láìsí ariwo, ibẹ̀ ló sì ti di ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Tí ẹnìkan bá sọ pé abọ́ Charlotte kò ní ìtumọ̀, kó bi Olamide.

Ìdílé tó bá ní ẹbí ní Dallas tàbí Houston, tí wọ́n sì fẹ́ wo irú eré yìí láìná owó gọbọi, abọ́ kékeré ló yẹ wọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì Rose Bowl kì í ṣe ohun tí olówó oṣù ń fi ọwọ́ tutù rà. Ní Shreveport, ìjókòó máa ń ṣẹ́ kù, ọ̀nà pápá kò ṣòro, àwọn ará ìlú sì ní àyè láti kí àlejò. Pápá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ọjà àfihàn ìpínlẹ̀. Aṣọ òtútù ṣe pàtàkì, àní fún ìhà gúúsù.

Àwọn tó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2000 mọ ìdí rẹ̀. Mississippi State ló pàdé Texas A&M. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Mississippi State, Jackie Sherrill, ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Texas A&M rí. Òjò dídì tí Shreveport kì í sábà rí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ funfun, ìlà pápá pòórá, àfi kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi ohun ìgbálẹ̀ wá a. Agbábọ́ọ̀lù ń yọ̀ ṣubú bí ọmọdé. Wọ́n gbá a títí àkókò fi pé, wọ́n sì wà lọ́gbọọgba. Nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un, Texas A&M kọ́kọ́ wọlé, wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá èyí tí yóò fi àmì kan lé e, wọ́n dí i mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ Mississippi State gbé bọ́ọ̀lù náà sá lọ dé òdìkejì pápá nínú òjò dídì, wọ́n sì gba àmì méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé fúnra wọn. 43 sí 41. Kò sí ife orílẹ̀-èdè níbẹ̀, kò sí ibì kankan tí èyíkéyìí nínú wọn ń lọ lẹ́yìn náà ju ilé lọ. Orúkọ tí wọ́n fún ọjọ́ náà ni Abọ́ Òjò Dídì, àwọn ará Shreveport sì ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò tó bá béèrè, àti fún èyí tí kò béèrè.